Eérú Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Agbọ́tán kọ gbólóhùn náà sórí gíláàsì iwájú mi, ó sì fi pupa kun ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀: “Eru wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Màámi ní kí n má sọ.”

Bí ọ̀rọ̀ bá ti pupa báyìí, ẹ̀rọ náà ò mọ ohun tó gbọ́ nìyẹn, ó fẹ́ kí ènìyàn bá òun fi àmì ohùn sí i. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Afàmìsí ni wọ́n ń pè wá. Mẹ́wàá ni wá nígbà tí Àjọ Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ọmọdé kọ́kọ́ gbà wá síṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Ó ku mẹ́ta. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí wọ́n tó ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa. Ẹni tó sọ ẹ̀rọ yìí ní Agbọ́tán mọ àwàdà í ṣe. Ó ń gbọ́ tán lóòótọ́, kò kàn ń yé e tán ni.

Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Re, dò. Ẹrù. Ẹrù tí à ń dì, tí à ń rù sórí. Ó dá mi lójú gbangba, ìdí nìyẹn tí inú mi fi bàjẹ́.

Lókè ìwé rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: Múìbátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọgbẹ́ méjì. Ọgbẹ́ kìíní ni ìgbà tí àgbàrá gbé bàbá rẹ̀ lọ lójú rẹ̀. Ọgbẹ́ kejì, èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí i ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà Agbọ́tán kọ ọ́ pé ọkọ̀ màámi gbá mi, mo ṣubú, bí ẹni pé mọ́tò ló kọlu ọmọ náà. Mo ní rárá o, ọkọ ni, ọkọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò nínú ilé kí oòrùn tó wọ̀. Mo yọ àmì kan kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, ọmọ kan sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Mo yangàn títí lọ́sẹ̀ náà.

Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni pé ọgbẹ́ kì í dínkù nínú ìwé Àjọ. Kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún márùn-ún, méjì á ṣì máa jẹ́ méjì. Bó bá sì ti pé mẹ́ta, Ilé Ìtura ló kù, níbi tí Àjọ ń kó ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí sí, títí ọmọ á fi pé ọdún méjìdínlógún.

Ẹ wá wo ọ̀ràn tó wà níwájú mi. Tí mo bá kọ ẹ̀rù, ohun kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń já ọmọ láyà, ìyá rẹ̀ sì ní kó pa á mọ́ra. Ọgbẹ́ kẹta nìyẹn. Tí mo bá kọ ẹrù, ìyá ti di ẹrù pamọ́, ó fẹ́ gbé ọmọ tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò sá kúrò ní ẹkùn. Ilé Ìtura fún ọmọ, ẹ̀wọ̀n fún ìyá. Irọ́ á gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òtítọ́ náà á gbà á. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí, èmi tí mo jókòó sáàárín ni wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Mo wo ìyá náà gba ojú gíláàsì kan náà, lódìkejì níbi tí àwọn òbí ń jókòó dúró sí. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ìka yọ òwú tó lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́tè, òwú tí wọ́n fi ń gba itọ́ láti mọ iye oró ìpayà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bàtà onírọ́bà tó le dáadáa ló wọ̀, irú èyí tí à ń wọ̀ rìnrìn àjò. Obìnrin yìí ò mọ irọ́ pa, mo sọ nínú ara mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú u fó.

Òfin fún afàmìsí láyè kí ó bi ọmọ ní ìbéèrè kan, ẹyọ kan péré, kò sì gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ tó pupa náà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú Múìbá wọlé padà.

Yàrá Ọ̀rọ̀ dára tó bá jẹ́ ti ojú ni. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n kó ọmọláńgidi síbẹ̀, gúgúrú àti ẹ̀pà wà nínú abọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kì í bá ọmọ wọ ibẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ rẹ̀ mú.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ó ní, ó kúnlẹ̀.

“Káàárọ̀, Múìbá. Dìde, wá jókòó. Eyín rẹ dà?”

“Ó ká. Mo jù ú sórí òrùlé.”

“O ṣeun. Òmíràn ń bọ̀ lọ́nà.” Mo kíyè sí i pé iná kékeré orí ògiri, èyí tó ń fi hàn pé Agbọ́tán ń gbọ́, kò tíì tàn; ọ̀rọ̀ eyín yẹn ò sí lára ìbéèrè. Nígbà tó wá yá, mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, mo sì bi í ní èyí tí mo ti rò láti òde: “Ṣé èèrà máa ń wà nílé yín?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń ronú pé ṣé ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀. “Ó wà mà. Ó pọ̀ gan-an. Màámi máa ń da nǹkan sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí nínú báàgì—”

“Gba gúgúrú,” mo ní, mo sì bu ẹ̀kúnwọ́ fún un. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó dúpẹ́, ó kó o sẹ́nu, ẹnu náà kún. Iná kú.

Mo padà sídìí gíláàsì, mo kọ ọ́ pé: Eérú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo sì ṣàlàyé sábẹ́ rẹ̀ pé eérú ààrò ni, tí ìyá ọmọ ń dà nítorí èèrà. Pé ó ní kó má sọ ọ́ nítorí ìtìjú, torí wọ́n ti fòfin de fífi igi dáná nígboro. Ọ̀rọ̀ náà wọ ara wọn. Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Àtàǹpàkò kejì ló kù, ti Alàgbà Fágbàmígbé, ọ̀gá wa. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ìró ohùn ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti pé ẹni àádọ́rin ọdún báyìí, ṣùgbọ́n etí wọn ò darúgbó. Wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá bọ́ fìlà orí wọn, wọ́n fi bo ojú ihò tí Agbọ́tán fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì.

“Ìbíronkẹ́.”

“Sà.”

“Fáwẹ́lì mélòó ló bẹ̀rẹ̀ eérú?”

“Méjì ni, sà.”

“Mélòó lo gbọ́?”

“Eyín iwájú ọmọ náà ti ká, sà.”

“Ṣé eyín la fi ń pe fáwẹ́lì ni? Èmi ni mo kọ́ ẹ, mi ò sì kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí.

“Ẹrù ni,” wọ́n ní.

“Mo mọ̀, sà.”

“Tí o bá kọ ẹrù ńkọ́?”

“Wọ́n á mú un.”

“Tí o bá kọ ẹ̀rù?”

“Wọ́n á mú un náà, sà.”

Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ pa eékún. “Ohun rere ni wọ́n bá wa sọ níjọ́ kìíní, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ tó dàgbà lásìkò ìjínigbé, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru kí wọ́n tó pé ogún ọdún, ọkàn wọn ò gbé iṣẹ́. A ní ẹ jẹ́ ká tètè mọ ọmọ tí ìpayà ń jẹ lára ká lè gbà á sílẹ̀. Ṣé o rántí ìwé tí àwọn dókítà fún wa nígbà yẹn?”

“Mo rántí, sà. Wọ́n ní oró ìpayà ní ẹ̀rọ̀ kan. Kí ọmọ ṣáà ní àgbàlagbà kan ṣoṣo tí kì í fi í sílẹ̀.”

“Ojú ewé kejìlá. Ìwé tuntun ti dé lọ́dún tó kọjá, mo wá ojú ewé náà títí, mi ò rí i.” Wọ́n nawọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá Múìbá lẹ́yìn gíláàsì. “Àgbàlagbà kan ṣoṣo rèé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Ìbíronkẹ́. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ àánú. Ohunkóhun tí o bá kọ síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ló máa kà á sí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, sà.”

“Ọlọgbọ́n kì í pẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́,” wọ́n ní. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí tàbí ẹ̀rọ. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n jáde. Agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

Mo pàdé Sìdíkátù lọ́nà ìta, níbi tí Agbọ́tán ò ti ní etí. Mo ní kí ó máa mú ọmọ lọ, àyẹ̀wò ti parí, oṣù mẹ́ta sí i la tún máa rí i. Ó rí lójú mi bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ò sì tíì gbà pé ó ti sọ̀.

“Àǹtí,” Múìbá ní, inú rẹ̀ ń dùn, “a ń lọ sọ́dọ̀ ìyá màámi ní Kétu! Ọkọ̀ máa gbéra ní agogo mọ́kànlá!”

Ìyá náà dúró gbagidi. Wákàtí kan àbọ̀ ni ọkọ̀ oníná-oòrùn fi ń dé ibodè, lẹ́yìn rẹ̀ òfin Àjọ ò dé ibẹ̀ mọ́. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún nítorí etí mi, mo ní, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ máa lọ.”

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú. “Ẹ má dúpẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ rìn bí ẹni tó ń lọ sílé.”

Wọ́n lọ. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Mo mu omi, mo jókòó, mo tún aṣọ mi ṣe, mo ń rọra kọ orin kan.

Nígbà tó di agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé ọmọ mìíràn gba ojú gíláàsì kọjá. Bọ́látitó, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, ọgbẹ́ méjì. Kò sí pupa kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, dúdú ni gbogbo rẹ̀; èyí tó bá dúdú kì í ya ọ̀dọ̀ wa, ó kàn ń kọjá ni. Òwú rẹ̀ ló fà mí lójú. Oró inú itọ́ ọmọ náà ga ju ti gbogbo ọmọ tí mo rí lọ́dún yìí lọ. Òwú nìkan kì í sì í ṣe ẹjọ́ lọ́dọ̀ Àjọ, àfi kí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tì í lẹ́yìn. Mo wo ọ̀rọ̀ náà.

“Eérú máa ń bà mí tí bàbá mi bá ti wọlé.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sókè: sísun èédú. Agbọ́tán ti fara balẹ̀ rò ó. Bàbá tó ń sun èédú wọlé, eérú ara rẹ̀ fò, ó bà lé ọmọ. Kí ló tún kù? Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀.

Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí. Dò, dò. Ohùn ọmọ náà lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti fi ọwọ́ di etí kejì. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀rọ náà, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá adití sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì, bàbá rẹ̀ jókòó, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọmọ náà jókòó ní àga kẹta sí i, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo fa ìwé náà dúró, mo yọ eérú, mo kọ ẹ̀rù. Agbọ́tán ò gbà á wọlé. Gbólóhùn tuntun jáde níwájú mi, ó fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀:

“Ní agogo mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹ kọ́ mi ní eérú. Nísinsìnyí, ẹ kọ́ mi ní ẹ̀rù. Ohùn méjèèjì jọra létí mi. Ọ̀kan ni mo lè tọ́jú. Èwo ni kí n pa rẹ́ nínú gbogbo ìwé òní?”

Mo kọ ọ́ pé kó tọ́jú méjèèjì. Ó tún béèrè. Mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó tún béèrè, ó sì fi aago síbẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí mi ò bá dáhùn, èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò mú lò.

Mo sáré pe Alàgbà Fágbàmígbé. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n sì yọ fìlà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn ò fi bo nǹkan kan. Wọ́n kàn dì í mú lọ́wọ́.

“Níbo ni ọkọ̀ náà dé báyìí?” wọ́n bi mí.

“Kò tíì débì kan, sà. Ó ku wákàtí kan ó lé kí wọ́n tó dé ibodè.”

“Ọmọ tibí yìí ńkọ́? Ta ló ní?”

Mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá: kò sí. Ẹ̀gbọ́n: kò sí. Ìyá àgbà: kò sí. Tí ó bá jáde kúrò níbí lónìí, oṣù mẹ́ta ni kó tó tún padà wá sọ ọ́, tó bá ṣì fẹ́ sọ. Múìbá ní ẹni tó lè wọ bàtà rìnrìn àjò nítorí rẹ̀. Ọmọ yìí, àwa ni gbogbo ohun tó ní, àwa tí a sì ń kọ eérú síwájú rẹ̀.

“Ẹ sọ ọ̀kan fún mi, sà,” mo ní. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Mi ò ní ọ̀kan láti sọ,” wọ́n ní, omi sì wà lójú wọn. “Ó ku ìṣẹ́jú kan.”

Mo bínú sí wọn. Mo bínú sí Sìdíkátù tó jẹ́ kí ọmọ rí báàgì, mo bínú sí ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kó máa sọ òtítọ́. Mo bínú sí ara mi jù, tí mo rò pé mo lè fi ọ̀rọ̀ kan gba ọmọ kan, kí n sì máa kọrin. Mo tẹ̀ ẹ́: pa eérú rẹ́.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn inú ṣí, obìnrin olùtọ́jú kan jáde, ó mú Bọ́látitó lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn náà lójú bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sọ fún un pé kó jókòó. Ọmọ náà béèrè omi. Ó mu kọ́ọ̀bù méjì, ó sì bi wọ́n pé ṣé bàbá òun ò níí wá síbi tí òun wà. Wọ́n ní kò níí wá. Ó ní kí wọ́n tún un sọ.

Lórí gíláàsì tèmi, ìwé Múìbá ṣí padà fúnra rẹ̀. Agbọ́tán ti yọ eérú, ó fi ohun tó kù fún un dí àyè náà: ẹ̀rù. Ọgbẹ́ kẹta. Ìsọfúnni ti lọ sí ibodè kí n tó lè gbé ọwọ́ sókè.

Alàgbà Fágbàmígbé bá mi jókòó. Nígbà tí agogo méjìlá àbọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá, ìwé tuntun dé láti ibodè, ohùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbà sílẹ̀ lára ọmọ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí pé kí wọ́n gbà á nígbà tí wọ́n bá gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀. Agbọ́tán kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ó kùn ún ní pupa, ó sì dúró dè mí:

“Eru n ba mi.”

Òfin ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Múìbá, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀,” ohùn náà sì ń jìnnà lọ. Mo fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ́lì kìíní, mo fi òmíràn sórí ìkejì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.